Aṣọ Funfun Níwájú Ọkọ̀

Mo kí yín o, ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó mú wa la òru kọjá, tó sì tún ṣẹ́ ojú kù fún wa láti fi kàwé.

"Màmá, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè!"

Ìyá arúgbó náà kò mira. Ó di apá àga mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí pèpéle, ọ̀gá ológun mú àmì ẹ̀yẹ dání, ó ń wo ọ̀kánkán ìyá náà. Àtẹ́wọ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn ń pa ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

"Ẹ má kánjú, Ìyá wa," ni ọ̀gá náà sọ.

Ọmọ ìyá náà obìnrin, tó jẹ́ télọ̀, ló jókòó tì í. Òun ló ti ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, kí wọ́n tó gbà pé obìnrin wakọ̀ kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun. Dókítà sì ti sọ bí ọkàn ìyá ṣe rí. Bí kò bá gba àmì ẹ̀yẹ náà lónìí, ọjọ́ wo ló tún kù?

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ dójú tì mí ni?"

"Wọ́n ní èmi ni mo kó wọn délé. Ta ló wá mú èmi délé?"

"Ọlọ́run ni."

"Ọlọ́run ni. Àti Adúmáadán."

Ọmọ kò gbọ́ orúkọ yẹn rí.

"A kì í tan iná ọkọ̀ lálẹ́, kí ọ̀tá má baà rí wa," ni ìyá sọ jẹ́jẹ́. "Ẹnì kan ní láti máa rìn níwájú. Adúmáadán! Bí kò bá rẹ́rìn-ín, o ò ní mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀." Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo bá so aṣọ funfun mọ́ ọn lẹ́yìn. Ibi tí aṣọ bá yà sí ni mò ń yà sí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, aṣọ náà wálẹ̀. Mo rò pé okùn bàtà rẹ̀ ló tú, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so ó. Mo dúró dè é. Kò dìde mọ́."



Ọmọ fọwọ́ kan ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Ní kékeré rẹ̀, kò sí aṣọ rẹ̀ kan tí ìyá kì í rán ègé aṣọ funfun mọ́ lẹ́yìn. "Máa lọ níwájú, kí n máa rí ẹ," ni ìyá máa ń sọ. Lékeléke ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é nílé ìwé. Ọmọ a fi eyín já òwú rẹ̀, ìyá a tún un rán. Ó tìtorí rẹ̀ kọ́ṣẹ́ télọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rán aṣọ fún un mọ́ láyé.

Ó ṣí báàgì rẹ̀. Ó mú abẹ́rẹ́ pín-ìn-nì jáde pẹ̀lú aṣọ ìnujú funfun, ó sì kẹ̀yìn sí ìyá rẹ̀.

"Ẹ bá mi fi há a mọ́ ẹ̀yìn aṣọ mi."

Ìyá há a mọ́ ọn. Pín-ìn-nì gún ọmọ lẹ́yìn. Ó dìde, ó rọra ń lọ láàárín àwọn àga. Ó gbọ́ tí àga ìyá dún, lẹ́yìn náà ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n dé pèpéle, okùn bàtà ọmọ tú. Ó rí i.

Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so ó; aṣọ funfun náà kò gbọ́dọ̀ tún wálẹ̀ lójú ìyá.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á, kí Olúwa má jẹ́ kí ọ̀nà yín ṣókùnkùn láìsí ẹni tí ẹ ó máa rí níwájú. Àmín.