Kóòtù Tí Lemuel Alsop Kọ̀

Láti ìgbà tí wọ́n ti kéde pé ìlú wa, New York, ni Ààrẹ àkọ́kọ́ yóò ti búra ni Lemuel Alsop ti ń fi ẹ̀yìn rìn nínú ilé ìdáná mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kúrò níwájú ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, pé ènìyàn kì í kẹ́yìn sí ẹni ńlá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tẹ ológbò mi nírù. Ọba yẹn kan náà sì ni a fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa já ara wa gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òun àti ìyá rẹ̀, Keziah, ló ń gbé yàrá òkè ilé mi. Iṣẹ́ agbowó ibodè ní èbúté ni Lemuel ń lé. Ọ̀gbẹ́ni kan nínú àwọn tó ń ṣètò ayẹyẹ ti ṣèlérí láti mú un wọ gbọ̀ngàn lọ kí Ààrẹ lẹ́yìn ìbúra. Bí ó bá ti lè dé iwájú Ààrẹ, ó dá a lójú pé iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

Keziah fi gbogbo ìgbà òtútù ran òwú irun àgùntàn. Ó hun ún, ó rẹ ẹ́ sínú omi èèpo àsálà, ó sì fi rán kóòtù kan tó ní àwọ̀ ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ìwé ìròyìn ti ń rọ̀ wá pé aṣọ tí a hun nílẹ̀ wa ni kí a wọ̀ lọ́jọ́ náà. Lemuel ní àwọn mẹ̀kúnnù ni wọ́n ń bá wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbúra, bí agogo ìjọ ti ń pè wá sí àdúrà, Keziah gbé kóòtù náà jáde.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Aṣọ àgbẹ̀ lẹ fẹ́ kí n wọ̀ lọ síwájú Ọlọ́lá Gíga Jùlọ?"

"Ṣé orúkọ tí wọ́n fún un nìyẹn?" ni mo bi í.

"Wọn ò tíì fẹnu kò, mà. Ṣùgbọ́n kò lè kéré sí ìyẹn."

Àrán pupa láti Lọ́ńdọ̀nù ló wọ̀, pẹ̀lú bọ́tìnì fàdákà. Ó rí bí àga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi aṣọ tuntun bò.

"Ẹ fi ìyẹn fún ẹni tó bá fẹ́," ó ní, ó sì jáde.

Ìwé Mímọ́ sọ pé ọdọọdún ni Hánà ń dá ẹ̀wù kékeré fún Sámúẹ́lì. N kò rí ibi tí Sámúẹ́lì ti bi í pé ti Lọ́ńdọ̀nù dà.

Keziah kò sọkún. Ó gbé kóòtù náà lọ bá Enoch Tuttle, bàbá arúgbó tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa, tí ogun òmìnira gé lápá kan. Bàbá náà ti sọ pé òun kò ní lọ wo ìbúra, nítorí ẹ̀wù òun ti gbó. Keziah wọ kóòtù náà fún un, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ bá a de bọ́tìnì. Àwa mẹ́ta jọ lọ.

Èrò kún òpópónà. Nígbà tó yá, Ààrẹ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè láti gbé ọwọ́ lé Bíbélì. Kóòtù àwọ̀ ilẹ̀ ló wọ̀, aṣọ tí a hun nílẹ̀ wa níbí. Mo wo ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Kò sí ọ̀gbẹ́ni kan níbẹ̀ tí kò wọ irú rẹ̀, àfi Lemuel, tó dúró láàárín wọn bí ata pupa nínú àwo ẹ̀wà. Ẹni tó ṣèlérí fún un ti gbójú kúrò lára rẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi la àárín èrò wá bá wa, tó ń làágùn.

"Màámi, kóòtù yẹn dà?"

Keziah nawọ́ sí Enoch.

"Bàbá Enoch, ẹ ṣàánú mi, ẹ bọ́ ọ fún mi. Ẹ gba tèmi. Àrán ni."

Enoch wò ó láti ọrùn dé bàtà. "Ǹ bá bọ́ ọ, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ni mo ní. Kí n tó tú bọ́tìnì tán, wọ́n á ti máa búra fún Ààrẹ kejì."

Keziah ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kí Olúwa dárí jì mí, èmi náà rín in.

Lemuel sáré padà sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn nínú àrán rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni rẹ̀ rí i lókèèrè, ó sọ̀rọ̀ sétí aṣọ́nà, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Lemuel kẹ́yìn sí gbọ̀ngàn, ó kọjú sọ́nà ilé. Ìrìn ẹ̀yìn tó ti ń kọ́ kò wúlò fún un.

"Ṣé wàá rán òmíràn fún un?" ni mo bi Keziah.

"Àgùntàn ṣì ń hu irun," ó ní. "Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, òun ni yóò ran òwú."