Owó Rẹ̀ Dúró

Bí ẹ bá dé Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ béèrè Mùjídàt oníwèé ìròyìn, wọn á kọ́kọ́ bi yín pé: ti tuntun ni àbí ti àtijọ́? Ti àtijọ́ ni tirẹ̀. Ìwé ìròyìn tí àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ti kà sú ni í rà ní kílò-kílò, òun náà á sì tà á fún ẹlẹ́pà àti oníṣúyà tí wọ́n ń fi pọ́njà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju yàrá kan lọ, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, ó tò ó láti ilẹ̀ kan àjà.

Ìwé mẹ́fà ló kà kí owó ilé-ìwé tó tán lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ìyókù, ara ọjà ló ti kọ́ ọ. Níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń wá ìkéde òkú nínú ìwé ìròyìn, ojú ewé tí nọ́ńbà kún bí ìkamùdù ni òun yàn láàyò, ìyẹn ojú ewé tí wọ́n ń kọ iye owó ṣíà, ìpín tí èèyàn ń rà nínú ilé-iṣẹ́, sí. Kò ní ṣíà kankan. Kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ní. Àmọ́ á máa fi ìka tọ̀ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, á wo ilé-iṣẹ́ ọtí tó ń gòkè, á wo ti sìmẹ́ǹtì tó ń já bọ́, bí ẹni ń yọjú lójú fèrèsé wo ìjà ará ilé kejì.

"Ẹni tó bá mọ àná, ọ̀la ò lè rẹ́ ẹ jẹ," bẹ́ẹ̀ ni í wí fún oníṣúyà tó wá ra kílò méjì péré. Ẹnu yẹn náà ló kó bá a.

Ní oṣù kejì ọdún 1989, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Saifudeen wọkọ̀ wá láti Ọ̀yọ́, níbi tó ti ń fi awọ rán tìmùtìmù. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Mùjí, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe awọ tí mò ń rán, ṣíà wọn ti dé ilẹ̀. Tèmidire Lẹ́dà! Ṣé kí n máa wò ó?"

"Ẹ ẹ̀ tíì kí mi, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Ó ṣe é kí lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi kan, Elijah, ló fẹ́ tà á. Ó ní iye rẹ̀ ò yẹsẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Gbogbo nǹkan ń fò bí eéṣú, tiwọn ò mira."

"Kí lẹ fẹ́ fi rà á? Tìmùtìmù?"

Saifudeen wolẹ̀. "Ilẹ̀ Ìkòyí-Ilé."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Mùjídàt. Éékà mẹ́jọ ni ilẹ̀ náà, ogún bàbá wọn ni. Orí rẹ̀ ni ìyá wọn, Mọ̀ríámọ̀, ń gbé, ibẹ̀ ló sì ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ tó ń jẹ. Saifudeen ní Alájì kan tó ní katakata ti ń dúró de ilẹ̀ náà, owó wà lápò rẹ̀.

"Màámi ńkọ́? Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ìwọ ni ojú àwọn. Bí o bá ti wò ó nínú àwọn ìwé rẹ yìí tí o ní ó dára, àwọn á tẹ̀ka. Bí o bá ní kò dára, ọ̀rọ̀ tán."

Ẹ wo ẹrù tí wọ́n gbé ka obìnrin tó ń ta bébà ìpọ́nṣúyà lórí! Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn? Ọdún mẹ́sàn-án tí gbogbo Sábó fi ń pè é ní aláròká, ọjọ́ tí wọn yóò bi í léèrè ti dé.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi tú ṣọ́ọ̀bù. Ó yọ ti ọdún 1986, ó yọ ti 1987, ó yọ ti 1988, eruku fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kì í yí kó má bá Tèmidire ní ibi kan náà: náírà kan àti kọ́bọ̀ méjìlélógójì. Òjò rọ̀ ná, owó náírà já, epo wọ́n, náírà kan àti kọ́bọ̀ méjìlélógójì.

Ó yẹ kí ara fu ú. Ohun tó bá wà láàyè a máa mí sókè, a máa mí sódò. Nǹkan kan tilẹ̀ tún wà. Níparí ìlà àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù, nọ́ńbà kan máa ń wà: igba, ẹgbẹ̀rún, ẹgbàá. Níparí ìlà Tèmidire, àmì tín-ín-rín kan ló wà níbẹ̀, ó tẹ́jú bí àpá gígé. Mùjídàt fi èékánná ha á, ó rò pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló fa tàdáwà. Ó ṣí ojú ewé kejì.

Ní ọjọ́ Ajé, ó kọ lẹ́tà, ó fi rán Mùílì awakọ̀ ní gáréèjì Takie. Ó kọ ọ́ báyìí: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ka ọdún mẹ́ta. Ti àwọn yòókù ń lọ, ó ń bọ̀. Ní ti Tèmidire, owó rẹ̀ dúró."

Ní Ọjọ́bọ̀, ó jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò rẹ̀, Anas, tó ń ta àlòkù ẹ̀rọ. Ẹ́ńjìnnì ìlọta kan wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, ó ti dípẹtà, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ẹgbẹ̀ta náírà sí i lára.

"Bàbá Anas, ẹgbẹ̀ta yìí náà ni mo bá lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gba ṣọ́ọ̀bù. Ohun gbogbo ti gbówó lórí tán nílùú yìí, tiyín nìkan ni iye rẹ̀ dúró. Ẹ mà láàánú wa o!"

Anas rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Mùjídá, wallahi, ta ló béèrè rẹ̀? Ẹni tó bá béèrè ló ń mú kí n nu ṣọ́ọ̀kì kí n kọ òmíràn. Ẹ́ńjìnnì yẹn ti kú. Òkú kì í dúnàádúrà."

Mùjídàt fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde. Ó ń wo ṣọ́ọ̀kì náà. Iye rẹ̀ dúró. Ó rántí ọjọ́ tí bàbá wọn kú ní ọsibítù, tí dókítà jáde sí wọn tí kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Ọkàn rẹ̀ ló dúró."

Ó dìde, ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù. Kò wo owó mọ́, àmì tín-ín-rín ló ń wò. Ní ìlà àwọn yòókù, nọ́ńbà ìparí yẹn ni iye ṣíà tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ náà. Ní ti Tèmidire, àmì, àmì, àmì. Ó tú u dé oṣù kìn-ín-ní 1986 kó tó rí nọ́ńbà kan ṣoṣo: ogójì ṣíà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnì kankan ò béèrè. Ṣọ́ọ̀kì ọdún mẹ́ta ló ń kà tó pè ní iye owó.

Láàárọ̀ Jímọ̀ ó ti wà ní Takie. Ọkọ̀ kún, ó gbéra, àmọ́ tírélà kan ti dábùú ọ̀nà ṣíwájú wọn, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó sínú oòrùn àti eruku ọyẹ́. Nígbà tó dé Ọ̀yọ́, àwọn èèyàn ti ń tú jáde ní mọ́ṣáláṣí. Saifudeen rí i lókèèrè láti iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tẹ́wọ́ gbà á nínú aṣọ funfun, òórùn dídùn ń ta lára rẹ̀.

"Olójú inú! Ìwọ náà wá bá wa yọ̀!"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe é."

"Kí n má tíì ṣe kí ni? Àná ni Màámi tẹ̀ka. Alájì ti sanwó, Elijah ti gba tirẹ̀, ìwé ṣíà ló wà nínú àpótí mi yìí."

Lánàá, nígbà tí òun ń bá Anas ṣẹ̀fẹ̀. Mùjídàt jókòó sórí awọ tí wọ́n sá sílẹ̀.

"Wọn ò rà á, Bọ̀ọ̀dá. Ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó rà á. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó mira."

Saifudeen kò pariwo, ì bá sàn kó pariwo. Ó mú lẹ́tà náà jáde láti àpò, ó ti ká a sí mẹ́rin. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màámi ní kí n kà á. Nígbà tí mo dé 'owó rẹ̀ dúró,' wọ́n ní kí n gbé íǹkì wá. Wọ́n ní ohun tó bá dúró ò lè ṣubú. Mùjí, ṣé ìwọ kọ́ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Kí wá ni o ní kí n sọ fún wọn?"

Ó dìde lórí awọ náà.

Wọ́n jọ lọ sí Ìbàdàn lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn ta ṣíà. Akọ̀wé ibẹ̀ ní iye rẹ̀ ni náírà kan àti kọ́bọ̀ méjìlélógójì, kí wọ́n máa retí olùrà. Ẹ bá mi wá irọ́ kan tí Elijah pa, ẹ ò ní rí i.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, katakata Alájì gun ilẹ̀ Ìkòyí-Ilé, ó hú iṣu tí wọn ò tíì wà. Mọ̀ríámọ̀ kó ẹní rẹ̀ wá sí Sábó, sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Kò bínú, kò mọ ohun tí ì bá bínú sí, nítorí pé Saifudeen ò lè sọ, Mùjídàt náà ò sì sọ. Àárín àwọn ìwé ìròyìn ló ń jókòó sí látàárọ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Ní ọjọọjọ́ Jímọ̀, bí ìwé ọ̀sẹ̀ bá dé, á gbójú sókè.

"Mùjídá, owó wa ńkọ́?"

"Ó dúró, Màámi."

"Alhamdulillahi."

Oṣù kẹwàá ni Mùjídàt ṣí ojú ewé náà tó fi ìka tọ̀ ọ́ wálẹ̀, tí ìka rẹ̀ kọjá ibẹ̀. Ó padà sókè. Kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, kò sí náírà, kò sí kọ́bọ̀, kò sí àmì tín-ín-rín. Ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀ ti pàdé lórí ibi tí Tèmidire wà, bí yèèpẹ̀ ṣe ń pàdé lórí òkú.

Oníṣúyà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kílò méjì rẹ̀.

"Mùjídá," ìyá rẹ̀ pè é láti àárín ìwé, "owó wa ńkọ́?"

Ó ya ojú ewé yẹn kúrò, ó fi lé orí ìdì oníṣúyà, ó so okùn mọ́ ọn dáadáa.

"Ó dúró, Màámi."