Ọ́fíìsì Àwọn Tí Kò Lè Gun Àkàbà

Ẹ̀yin tí a jọ tò síbí, ìlà yìí ò tíì ní sún. Ilẹ̀kùn gbọ̀ngán wọn ṣì wà ní títì, òtútù sì ti ń mú mi dé eegun. Ẹ jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún yín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀wà inú agolo. Àlá burúkú ni. Ìyá Ìbísanmí, ẹ má tíì sọ pé kò ní ṣẹ, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ Bàbá Fadérera, ọkọ mi. Ọdún kẹfà rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú gbogbo apá òsì rẹ̀. Ìjọba ìlú ọlọ́rọ̀ yìí ló ń sanwó fún obìnrin kan tó ń wá wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, tó ń wọṣọ fún un, tó ń fún un lóúnjẹ, kí èmi lè ráyè lọ nu ilẹ̀ báǹkì wọn. Lóṣù tó kọjá ni lẹ́tà dé pé wọ́n fẹ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Wọ́n ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ òní làwọn máa pè é lórí fóònù, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é. Bí wọ́n bá gbà pé ara rẹ̀ ti yá, obìnrin yẹn ò ní wá mọ́. Èmi ni màá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú rẹ̀, bí mo bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, a ò ní rówó ilé san, wọ́n á lé wa síta.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ọ lóhun tó máa sọ. Mo ní, "Bàbá Fadérera, ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Bí wọ́n bá bi yín pé ṣé ẹ lè dá wẹ̀, ẹ sọ pé ẹ ò lè dá wẹ̀." Ó wò mí bíi pé mo ní kó lọ jalè. Ó ní, "Àjèjì tí mi ò rí rí, kí n wá máa ka àìsàn mi sí i létí? Ṣé kí n máa fi ẹnu mi ṣépè fún ara mi ni?" Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Orí ń fọ́ wa, inú ń run wá, ẹni tó bá kí wa, a dúpẹ́ la ó sọ. Òyìnbó ò sì mọ̀ pé ìkíni lásán nìyẹn, ohun tí wọ́n bá gbọ́ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ibi tí mo ti ń bá a fà á ni oorun gbé mi lọ.

Nínú àlá náà, ọ̀sán gangan ni. Mo ń fi òróró pa á lẹ́sẹ̀ ni ọ̀pá tó fi ń rìn bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pá irin tí wọ́n fún un ní ọsibítù ni o, òyìnbó ló ṣe é, ṣùgbọ́n Yorùbá ará Ìsẹ́yìn ló ń sọ. Ó ní, "Màmá, ẹ múra, wọ́n ti ń pè wá."

Mo ní, "Ta ló ń pè wá?"

Ó ní, "Ọ́fíìsì àwọn tí kò lè rìn ni. Ó jìn díẹ̀, ẹsẹ̀ la ó fi rìn ín."

Kò yà mí lẹ́nu rárá. Mo ní kó jẹ́ kí n wá gèlè mi. Ó ní kí n má pẹ́ o, pé ọdún kẹfà rèé tí òun ti ń gbé odidi àgbà ọkùnrin kiri, kò sì sẹ́ni tó bi òun rí bóyá ẹ̀yìn ń dun òun. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ṣé ó ń dùn ọ́ ni?" Ó ní, "A dúpẹ́, Màmá. Kò burú."

Bí a ṣe ṣílẹ̀kùn ilé wa, inú ilé ìfọṣọ la bọ́ sí. Gbogbo ẹ̀rọ ibẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n lẹ́tà ni wọ́n ń fọ̀, kì í ṣe aṣọ. Obìnrin kan tó ń wo tirẹ̀ ní kí a máa kọjá lọ, pé láti ọdún tó kọjá ni tòun ti ń yí. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé bó bá mọ́ tán, orúkọ òun á ti parẹ́ nínú rẹ̀, òun á sì tún òmíràn kọ. Mo ní ẹ kú ìnáwó ọṣẹ. Mo kọjá.

Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ yẹn ni ọ́fíìsì náà wà, lókè. Ẹ ò gbọ́ mi dáadáa, mo ní lókè. Kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ilé gíláàsì ńlá kan ni, ó léfòó sójú ọ̀run lórí àwọn òrùlé, okùn gígùn gígùn ni wọ́n so mọ́ ọn kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ. Àkàbà kan ṣoṣo ló débẹ̀, ẹ̀ṣọ́ kan sì dúró nídìí rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ mi ò lè gun àkàbà."

Ó ní, "A mọ̀, Màmá. Nítorí irú wọn la ṣe kọ́ ọ́fíìsì yìí. Ẹni tí kò bá lè gun àkàbà, kó gùn ún wá, kó wá sọ fún wa lókè."

Mo ní wọ́n ṣeun. Lójú àlá, ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà pátápátá. Mo bẹ̀rẹ̀, mo pọn ọkọ mi, mo fi gèlè gbà á mọ́ ẹ̀yìn, mo ń gòkè lọ, ọ̀pá ń tẹ̀ lé wa. Bàbá Fadérera gbé àgbọ̀n lé èjìká mi. Kò wúwo ju ẹ̀wù òtútù kan lọ. Ibẹ̀ ni inú mi ti kọ́kọ́ bàjẹ́, torí mo mọ bí ọkùnrin yẹn ṣe wúwo tó nígbà tó fẹ́ mi sílé.

Àga kún inú ọ́fíìsì náà bámúbámú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó. Mo fẹ́ jókòó, àga fà sẹ́yìn. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣọ́ra o. Ẹni tó bá lè jókòó, ó lè ṣiṣẹ́ akọ̀wé."

Mo ní ó dáa, màá dúró.

Ó ní, "Ẹni tó bá lè dúró, ó lè ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù."

Mo bi í pé báwo wá ni kí n ṣe. Ó ní àwọn tó gbọ́n máa ń fara ti ògiri ni, wọn kì í jókòó, wọn kì í dúró. Mo lọ fara ti ògiri.

Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀, òwú wà níhò imú rẹ̀ méjèèjì, ó mú nọ́ńbà lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ kú ìdúró." Ó ní òun ò dúró o, kí n má kó bá òun. Ó wá rọra sọ fún mi pé òun ti kú láti oṣù kẹta.

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ni wọ́n wá sọ?"

"Wọ́n ní ikú ò sí lára àwọn àìsàn tó wà nínú ìwé wọn. Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bóyá ara mi á ti yá."

Mo ní Ọlọ́run á ṣe é. Ó ní àmín.

Wọ́n pe nọ́ńbà wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní ló jókòó nídìí tábìlì, ó so táì, ó wọ awò ojú. Mo fún un ní lẹ́tà dókítà. Ó ka ìlà kan, ó ya ibẹ̀, ó fi sẹ́nu. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń kàwé níbẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó máa jẹ ojú ìwé kejì tán, ìwo ti hù lórí rẹ̀. Nígbà tó máa jẹ ibi tí dókítà fọwọ́ sí, ó ti di òbúkọ pátápátá, irùngbọ̀n funfun báláú bò ó láyà, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Òbúkọ tó bá ti wà lórí àga ìjọba, ọ̀gá ni.

Ṣùgbọ́n Bàbá Fadérera rí irùngbọ̀n funfun yẹn. Ó ní, "Sọ̀ mí kalẹ̀, Ìyá Fadérera, àgbàlagbà nìyí." Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má ṣe é. Kí n tó rí i mú, ó ti tú gèlè, ó ti bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún òbúkọ. Ìdajì ara rẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ o. Ìdajì kejì kàn ṣubú tì í ni.

Òbúkọ mú bírò. Bó ṣe ń kọ ọ́ ló ń kà á síta: "Ó lè bẹ̀rẹ̀. Ó lè nà gbọọrọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ dára."

Mo ní, "Ọ̀gá, kò lè dìde o! Ẹ dúró kí ẹ wò ó, kò lè dá dìde!"

Òbúkọ gbé bírò sílẹ̀, ó ń wò ó. Gbogbo wa ń wò ó. Ọkọ mi dojú bolẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ti ilẹ̀, etí fìlà rẹ̀ ti wọ inú ìdọ̀tí. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n á rí òótọ́. Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ló wà nílẹ̀ yẹn, níwájú ẹran. Mi ò lè wò ó. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.

Òbúkọ ní, "Ó dìde." Ó lu òǹtẹ̀ lé e. "Ara le. Iṣẹ́ wà fún un."

Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Kí n tó lanu, ilẹ̀ ọ́fíìsì ti là, a ti bá ara wa nísàlẹ̀ lórí pápá kan. Ìgbà yẹn ni mo wá rí ohun tó so ọ́fíìsì náà mọ́lẹ̀. Àwọn aláìsàn ni. Gbogbo okùn tí mo rí yẹn, èèyàn ló wà nídìí rẹ̀: afọ́jú, arọ, ìyá arúgbó kan tó ṣì wọ aṣọ ọsibítù, ọkùnrin olówùú nímú náà wà níbẹ̀. Àwọn ló ń fà á mọ́lẹ̀ kó má bàa fò lọ. Wọ́n fi okùn kan lé Bàbá Fadérera lọ́wọ́ ọ̀tún.

Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn pé ọwọ́ kan ṣoṣo lẹ ní!"

Atẹ́gùn dé. Ọ́fíìsì náà mì, okùn fà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Mo sáré di ẹsẹ̀ òsì mú, ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ bí èèyàn bá dì í mú. Ó ń lọ sókè, èmi náà ń lọ. Ẹ̀rù bà mí débi tí mo fi gbàgbé pé àgbà ni mí, mo ń ké bí ọmọdé: "Bàbá Fadérera, ẹ sọ fún wọn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn!" Mo rí i tó la ẹnu. Mo dákẹ́ kí n gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Ibẹ̀ ni agogo ti dún.

Fóònù ni. Mo lajú, ilẹ̀ ti mọ́ kedere, etí aṣọ ìbora ni mo dì mú gírígírí. Èmi tí mo ní màá jókòó tì í, mo ti sùn kọjá àkókò. Ibi tó ń sùn ṣófo, obìnrin tó ń wá wẹ̀ ẹ́ ò sì tíì dé. Mo sáré bọ́ sí pálọ̀.

Ó wà lórí àga. Ó ti wọ kóòtù dúdú tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, fún fóònù. Bọ́tìnnì kóòtù náà wọ́, ti òkè ló wà nísàlẹ̀, òógùn sì bo gbogbo iwájú orí rẹ̀. Ohùn obìnrin òyìnbó kan ń jáde nínú fóònù, ohùn tútù, ó ń bi í pé báwo ni ara.

Ọkọ mi fi èdè wọn dá a lóhùn pé ara le, a dúpẹ́.

Ó bi í pé ṣé ó lè wọṣọ fúnra rẹ̀.

"Mo ti wọ̀ ọ́ báyìí."

Ó bi í pé ta ló ràn án lọ́wọ́.

"Kò sẹ́nì kankan."

Òótọ́ sì ni. Mo ń mi orí, mo ń ju ọwọ́, ó fojú sọ fún mi pé kí n ní sùúrù, pé a kì í já lu ọ̀rọ̀ àlejò. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ já fóònù náà gbà, àánú rẹ̀ ò jẹ́ kí n lè ṣe é. Obìnrin náà ní òun bá a yọ̀. Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó bá òun kí àwọn ará ilé, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ dáadáa ni. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀." Ó wá na ọwọ́ rẹ̀ tó dáa sí mi. "Jọ̀ọ́, wá bá mi bọ́ kóòtù yìí. Láti ìdájí ni ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí, mi ò lè dá ṣí bọ́tìnnì."