Ìṣẹ́jú Mẹ́fà ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ilé Ìwòsàn

Ohun tí dókítà fẹ́ kò le rárá. Kí ọkọ mi rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, bó ṣe ń rìn nílé gan-an, kí wọ́n lè mọ bí orúnkún rẹ̀ ṣe bàjẹ́ tó. Ẹni tí kò bá lè rìn jìnnà ni wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ náà ni wọ́n sì máa pa ìwé orúkọ náà dé títí di ọdún mìíràn.

Mo ti kìlọ̀ fún un láti ilé. Mo ní kó má wá ṣakọ o, kó rìn bí ẹni tí mò ń fà gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́ títí dé òkè kẹta tí à ń gbé, tí mò ń bá wọ ìbọ̀sẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Ọkọ mi kì í bá mi jiyàn, ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ̀ ló kàn máa ń ṣe.

Nígbà kan, kò sẹ́ni tó ní rédíò tí kò mọ̀ ọ́n. Eré irinwó mítà ló ń sá. Òkò ni wọ́n ń pè é, torí pé tí wọ́n bá ti yìnbọn ìbẹ̀rẹ̀ eré báyìí, kò tún sóhun tó lè dá a padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akọ̀wé kan ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní kó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ ó ṣì í kọ. Ọkọ mi dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń retí nǹkan. Mo mọ nǹkan tó ń retí, ó sì dùn mí wọra.

Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ dán an wò kò ju àbíkẹ́yìn wa lọ. Ó gbé àga kan sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ níhìn-ín, ó gbé òmíràn sí ọ̀hún. Ó ní kó rọra, kó sinmi nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa àfi ìgbà tó fa aago yọ nínú àpò, tó fi àtàǹpàkò lé e, tó ní kí bàbá múra sílẹ̀.

Mo rí i tí èjìká ọkọ mi rọ̀ wálẹ̀. "Ìyàwó," ó ní, "bá mi di ọ̀pá mi mú." Mo gbà á.

Ló bá gbéra. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń wọ́ nílẹ̀ láàárọ̀ ń gbé, ó ń balẹ̀, apá ń lọ, apá ń bọ̀. Ó kọjá bàbá kan tó ń rin tirẹ̀ jẹ́jẹ́, ó tún bojú wẹ̀yìn wò ó. Ẹ ò rí i bí ọkọ mi ṣe burú tó! Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì dákẹ́ ọ̀rọ̀, wọ́n ń wò ó. Ọdún méjì lẹ́yìn tó fi pápá sílẹ̀ ni mo pàdé rẹ̀. Gbogbo ayé ló rí Òkò. Ẹni tó ń tiro ni èmi fẹ́. Mo ti jowú àwọn tí mi ò mọ̀ rí, torí pé wọ́n rí i. Lọ́jọ́ yẹn, èmi náà rí i. Omi ń bọ́ lójú mi, inú sì ń bí mi sí i.

Nọ́ọ̀sì tẹ aago. Ó ní látìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó rìn tó bẹ́ẹ̀, pé orúnkún bàbá kò nílò iṣẹ́ abẹ, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ọkọ mi bi í pé mítà mélòó ni. Nígbà tó gbọ́ iye rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín tí mi ò rí lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan.

Bí a ṣe yà sí kọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo gbá a mú, mo gbé e jókòó. Orúnkún ti ń wú nínú ṣòkòtò. Ó mọ̀ pé mo fẹ́ padà lọ sọ fún nọ́ọ̀sì.

"Má tíì lọ," ó ní. "Jẹ́ kí n ṣì jókòó ti iye mítà yẹn díẹ̀."

Mo jókòó tì í. Nígbà tó yá, a rí akọ̀wé ilé ìwòsàn tó ń kó fáìlì jọ láti pa ìwé orúkọ dé.

"Dádì," mo ní, "èmi náà ti ń dàgbà. Apá mi ò ká àtẹ̀gùn yẹn mọ́. Tí mo bá ṣubú, ta ló máa gbé wa?"

Ó wò mí títí. Ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, òun fúnra rẹ̀ ló sì lọ kan ilẹ̀kùn. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun tàn án jẹ ni. Ọmọ yẹn kò bínú. Ó ní a jẹ́ pé ó máa tún un rìn, ó sì fa ìlà gbọọrọ lórí iye tó kọ tẹ́lẹ̀. Ọkọ mi ń wo bíírò náà títí ó fi dé òpin ìlà.

"Ìyàwó, lọ dúró sọ́hùn-ún," ó ní. "Ojú mi ni kó o máa wò o. Má wo ẹsẹ̀ mi."

Mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ó ń bọ̀, ọ̀pá, ẹsẹ̀, ọ̀pá, ẹsẹ̀. Àwọn orí bẹ́ǹṣì ti padà sídìí ọ̀rọ̀ wọn. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò, mi ò wolẹ̀ rárá. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Ó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́rin kó dé ọ̀dọ̀ mi nígbà tí nọ́ọ̀sì ní àkókò ti pé, pé ó ti tó, kó dúró níbẹ̀ kí òun gbé àga wá bá a.

Kò dúró. Ó ní òun ò tíì dé.