Àgbo Àǹtí Laan àti Ẹnu Jihang

"Kí wọ́n tó bí mi ni mo ti ń mu àgbo yìí!" Ou Jihang ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ sí fóònù tó gbé ka orí ọ̀pá níwájú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Laan, tó fi ń han ara rẹ̀ fún gbogbo ayé. "Dúríán mẹ́fà, èso tó ń mú ara gbóná, ni ìyá mi jẹ nígbà tó lóyún mi. Ooru mú mi nínú lọ́hùn-ún. Mo bá na ọwọ́ jáde, mo gba abọ́ lọ́wọ́ Àǹtí, mo gbé e mu tán, mo ní, 'Ẹ ṣé, mà.'"

Èmi tí mò ń sun pẹ́pẹ́yẹ lódìkejì ọ̀nà, ọ̀bẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi náà máa ń purọ́ o, ṣùgbọ́n mo máa ń sinmi díẹ̀ láàárín.

Ẹ má bá Àǹtí wí pé ó gbà á láyè. Gbogbo ìlú Guangzhou ní Ṣáínà ló mọ ìkòkò bàbà rẹ̀ tó rí bí akèrègbè. Ẹni tó bá jẹ dídín jù tí ọ̀fun ń ta á, ibẹ̀ ló ń sá lọ. Àmọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ ti darúgbó; èyí tó kéré jù nínú wọn bá òjò àkọ́kọ́ ayé ṣeré. Àwọn ọ̀dọ́ kì í yà síbẹ̀, tíì onímílíìkì ni wọ́n ń tò fún níwájú. Waikit ọmọ rẹ̀ wá búra pé bí ọ̀dọ́ ò bá kún ṣọ́ọ̀bù kí ọdún ìdíje ọkọ̀ dírágónì lórí omi tó dé, òun á ta àwọn ìkòkò náà, òun náà á máa po tíì onímílíìkì. Oorun dá lójú Àǹtí. Ni Jihang bá dé, ó lóun mọ bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀dọ́.

Àgbo náà korò ṣá. Eṣinṣin kan bà létí abọ́ lọ́dún tó kọjá, ó fò padà sílé lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Ẹ wò ó!" Jihang gbé abọ́ dúdú sókè. "Ó dùn ju ìrèké lọ!" Ó gbé e mu gbùrù-gbùrù, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ tó pé jọ pàtẹ́wọ́. Omijé ayọ̀ lé sójú Àǹtí.

Ni Jihang bá gùfẹ̀. Kì í ṣe kékeré o. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ tí mo ti sun tán yíjú padà.

"Jihang," ni Àǹtí wí jẹ́ẹ́jẹ́, "látìgbà ìyá ìyá mi, kò sẹ́ni tó mu àgbo yìí tó gùfẹ̀ báyìí rí."

"Agbára àgbo ni, Àǹtí mi àtàtà!"

"Ẹn-ẹ́n. Yọ ahọ́n."

Bó ṣe máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé nìyẹn kó tó bu àgbo fún wọn, kó lè fi ahọ́n mọ bí ooru ṣe mú wọn nínú tó.

"Àǹtí, gbogbo ayé ń wò wá báyìí o..."

"Kí wọ́n bá mi wò ó. Yọ ọ́!"

Ó yọ ọ́. Ahọ́n pọ́n bí ẹyin iná mi, egbò tò sí etí ahọ́n náà.

"Ahọ́n ẹni tó mu àgbo nínú oyún rèé? Adìyẹ díndín ni ìwọ ń jẹ sùn!" Àǹtí gbé abọ́ sí imú. "Ẹlẹ́rìndòdò! Nínú abọ́ tèmi!"

Ẹ̀rín bú. "Bọ̀dá Onírèké!" ni ọmọbìnrin onírun búlúù kan ké. "Ẹ mu ojúlówó ká rí i!"

Àǹtí bu ojúlówó, ó ń rú èéfín. Jihang fi ètè kàn án. Ojú rẹ̀ ká jọ bí aṣọ tí wọ́n fún omi lára ẹ̀, imú rẹ̀ ń wá ọ̀nà àtigba etí jáde.

"Ọ̀lẹ! Àǹtí, ẹ bù ú fún mi, èmi ò ní ṣojú báyẹn," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Irọ́ ẹ ni, wàá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Ẹ fún èmi náà!"

Wọ́n bá ń ti ara wọn wọlé. Waikit fúnra rẹ̀ ká apá aṣọ, ó ń fọ abọ́.

"Ṣé ẹ rí i? Bí mo ṣe ṣètò ẹ̀ nìyẹn!" ni Jihang ń kígbe.

"O ṣé gan-an, ọmọ mi," ni Àǹtí wí, ó bu àgbo kún abọ́ náà dé etí. "Jókòó kí o mu ìyókù."

Jihang wo abọ́, ó wo Àǹtí, ó ki eré mọ́lẹ̀. Fóònù rẹ̀ ṣì dúró gbọn-in lórí ọ̀pá, ó ń fi ẹ̀yìn Jihang han gbogbo ayé.