Ọkùnrin Ọmọ Ìbílẹ̀ Kan

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fojú ire wò mọ́ nínú iṣẹ́ ìròyìn: "ọmọ ìbílẹ̀". Ẹni tó bá kú sọ́nà jíjìn, "ọkùnrin kan" lásán la máa ń pè é. Tó bá kú nítòsí, a ó fi "ọmọ ìbílẹ̀" kún un, torí ọ̀rọ̀ yẹn ló ń mú kí ará àdúgbò dáwọ́ iṣẹ́ dúró kà á. Ogún ọdún ni mo fi lò ó, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì, ọ̀gá ọlọ́pàá pè mí. Wọ́n ti rí òkú Asbjørn, apẹja abúlé wa, nítòsí ọkọ̀ ẹja rẹ̀ tó dojú dé.

"Má tíì dárúkọ ẹ̀ o, Torgeir. Àlùfáà ló máa kọ́kọ́ sọ fún ìyàwó ẹ̀. Àmọ́ yìnyín ti dí ọ̀nà orí òkè, ẹ̀yìn katakata tó ń kó yìnyín kúrò lọ́nà ni àlùfáà wà báyìí."

Èmi àti Ragnfrid, ìyàwó Asbjørn, orí àga kan náà la jọ jókòó sí nílé ẹ̀kọ́. Gbogbo obìnrin Skarvøy, abúlé wa, ló mọ̀ pé bí àlùfáà bá kanlẹ̀kùn nígbà tí ọkọ wà lójú òkun, kò wá jẹun. Ìkanlẹ̀kùn yẹn burú, ṣùgbọ́n èèyàn ló ń kàn án, ó sì lọ́wọ́ tó lè fi di èèyàn mú.

Mo kọ ìròyìn náà ránṣẹ́: ọkùnrin kan kú lójú òkun àríwá. Ọkọ̀ tó ń pẹja lọ́jọ́ náà lé ní igba. Ó máa já ọ̀pọ̀ obìnrin láyà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé tòun ni.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta kò pé tí Ingelin, ọ̀gá mi, fi pè mí láti ìgboro.

"Kí lèyí? Ọkùnrin wo? Ṣé ọmọ Skarvøy ni àbí kì í ṣe ọmọ Skarvøy?"

Mo dákẹ́. Ìdákẹ́ mi ti dá a lóhùn.

"Ó tán. Màá fi 'ọmọ ìbílẹ̀' sí i. A ò kúkú dárúkọ ẹnikẹ́ni, òfin ò lè mú wa."

"Ingelin, ọkọ̀ méjì péré ló tibí jáde lónìí, ọ̀kan sì ti wọlé láàárọ̀. Tó o bá kọ ọ́, o ti dárúkọ ẹ̀ nìyẹn. Jọ̀ọ́, fún mi ní wákàtí kan."

"Kí àwọn yòókù fi gbé e ṣáájú wa? Torgeir, ṣé akọ̀ròyìn ni ẹ́ àbí àlùfáà?"

"Ọmọ ibí ni mí!"

Ó ti pa fóònù.

Inú bí mi débi pé láìwọ ìbọ̀wọ́ ni mo sáré jáde. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń lé: kí n dé ọ̀dọ̀ Ragnfrid kí ìròyìn náà tó dé orí fóònù rẹ̀, kí n fi ọ̀rọ̀ dá a dúró títí àlùfáà yóò fi dé.

Ó ń se ẹja pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Àwo méjì wà lórí tábìlì, fóònù rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì.

"Ẹ wo alátẹnujẹ! Ṣé òórùn ẹja mi ló gbé ẹ délé mi?" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Jókòó, Asbjørn ò ní pẹ́ dé."

"Bá mi bu kọfí díẹ̀," mo ní. Mo sì na ọwọ́ sí fóònù náà.

"Kí lo fẹ́ fi fóònù mi ṣe?"

"Aago ni mo fẹ́ wò."

"Aago ńlá wà lókè orí ẹ, Torgeir."

Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Fóònù dún lábẹ́ ọwọ́ mi, Ragnfrid sì já a gbà. Ó kà á sókè ketekete, bó ṣe máa ń kàwé ní kíláàsì: "Ọkùnrin ọmọ ìbílẹ̀ Skarvøy kan kú lójú òkun."

Ó wo èbúté láti ojú fèrèsé. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló so mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

"Orúkọ ẹ ló wà lábẹ́ ẹ̀, Torgeir."

Mo lè sọ pé Ingelin ló fi ọ̀rọ̀ yẹn sí i. Mi ò sọ ọ́. Ta ló ń kọ ọ́ sí àwọn obìnrin abúlé mìíràn láti ogún ọdún wá?

"Èmi ni," mo ní.

Ó pa iná ààrò. Ó mú àwo kejì, ó nù ún bó tilẹ̀ mọ́, ó sì dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò mọ ibi tí mo lè kó ọwọ́ mi sí.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, àlùfáà kanlẹ̀kùn, Ragnfrid sì ṣílẹ̀kùn fún un. Yìnyín wà léjìká rẹ̀, ó ti ṣí fìlà sọ́wọ́. Kò tíì lanu tí Ragnfrid fi sọ̀rọ̀.

"Ẹ wọlé, kí òtútù má pa yín," ó ní. "Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́. Mo ti kà á."