Oògùn Àjẹsára Nínú Yàrá Ẹja

Ní ọdún 1989, bí ẹ bá dé Ajégúnlẹ̀ tí ẹ béèrè Nọ́ọ̀sì Morádéún, kò sí ẹni tí kò ní mú yín dé ọ̀dọ̀ mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Ilé ìtọ́jú oníyàrá méjì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítòsí Boundary, níbi tí àwọn ìyá ti ń gbé ọmọ wá gba àjẹsára. Yorùbá, Ìgbò, Urhobo, Ìjọ, bẹ́ǹṣì kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó lé, tí ọmọ ẹnì kan á sùn lọ lórí itan ẹlòmíràn. Mo máa ń jókòó nísinsìnyí kí n máa bi ara mi pé ibo ni ariwo orí bẹ́ǹṣì yẹn wọlẹ̀ sí. Nígbà náà, ó ń dí mi létí. Báyìí, àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Nkechi, aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí wa, ló ń bá mi to àwọn ìyá sórí ìlà, torí ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ sí ọmọdé. Mo máa ń sọ fún àwọn ìyá pé kòkòrò tó ń fa rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fa ọ̀fìnkìn, ìdílé kan náà ni wọ́n. Nkechi á ké tantan.

"Nọ́ọ̀sì, na lie! Catarrh wey everybody dey get?"

"Ìdílé kan náà ni. Ṣé gbogbo ọmọ ìyá yín ló ń hùwà bákan náà?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì á bú sẹ́rìn-ín. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni mo ti kọ́ ọ. Olùkọ́ wa kan fẹ́ràn àwọn kòkòrò àìfojúrí yìí bí àgbàlagbà ṣe ń fẹ́ràn ìtàn ìdílé. Àwọn tó jẹ́ pé RNA ni wọ́n fi tọ́jú àṣẹ inú ara wọn, ó tò wọ́n sára pátákó ní agboolé-agboolé. Èèyi tí í sú ọmọ lára tí ojú fi ń pọ́n, àti ṣegede tí í wú ni lẹ́rẹ̀kẹ́, agboolé kan. Ibà pọ́njú ní tirẹ̀, dìgbòlugi náà ní tirẹ̀. Mo ṣì rántí wọn títí dòní, èmi tí mo ń wá gíláàsì ojú mi káàkiri ilé.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, tiransifọ́mà àdúgbò wa gbiná. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e gan-an ni a ti kéde àjẹsára fún gbogbo àdúgbò, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí. Fíríìjì wa kún bámúbámú. Oògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ yẹn kì í fẹ́ ooru rárá. Bí ooru bá ti mú un, omi lásán ni. Ẹ ó kán an sí ọmọ lẹ́nu, ìyá rẹ̀ á lọ sílé pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn, kò sì ní sí ohun tó dáàbò bo ọmọ náà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn ju kí a má ṣe é rárá lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ohun tí a fi ń wọn ooru inú fíríìjì ti ń gòkè. Mo sáré lọ sí ilé ìtọ́jú kejì, òkùnkùn làwọn náà wà. Nkechi ló ní, "Àwọn tó ń ta ẹja dídì ní Liverpool Road, ṣé àwọn náà gbára lé Nẹ́pà ni? Jẹnẹrétọ̀ wọn kì í sùn."

A kó oògùn sínú kúlà méjì, èyí tí a ń kán sẹ́nu lọ́tọ̀, abẹ́rẹ́ lọ́tọ̀, a gbé wọn rù, ó di Apapa. Tírélà tò lọ bí ẹ̀wọ̀n lójú ọ̀nà, epo dúdú ń ta sí wa láṣọ. Nígbà tí a dé ẹnu géètì, mẹ́gáàdì ní ká pẹ̀yìn dà, pé àwọn kì í gba ẹrù àlejò. Ibi tí a ti ń bẹ̀ ẹ́ ni ọkùnrin kan ti jáde wá, ó wọ kóòtù òtútù nínú oòrùn gangan, ó ń tiro. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tín-ín-rín nínú ṣòkòtò. Reuben lorúkọ rẹ̀, òun ló ń tún ẹ̀rọ yàrá ẹja ṣe.

"Kí lẹ gbé wá, ẹ̀yin obìnrin yìí?"

Mo ní, "Àjẹsára ọmọdé ni, sà. Ti rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Iná ti lọ ní ọ̀dọ̀ wa."

Kúlà ló ń wò, kì í ṣe àwa. Lẹ́yìn náà ó ní, "Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó tutù tó?"

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè tó dára tó yẹn. Mo ṣàlàyé fún un pé èyí tí a ń kán sẹ́nu, bó bá dì bí òkúta, kò burú. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ipá àti ti ikọ́ líle kò gbọ́dọ̀ dì láéláé. Ó gbé kúlà oògùn ìkánsẹ́nu wọ yàrá inú lọ, sáàárín páálí ẹja kòtè àti ṣáwá. Ó gbé ìkejì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta yàrá náà, níbi tí òtútù ti mọ níwọ̀n, ó fi ìwọn ooru tirẹ̀ kọ́ sí i lára. Ó ní, "Ẹ lọ sinmi. Èmi á máa wò ó."

Nígbà tí a padà débẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, a bá ariwo. Mánéjà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Obiora, ti rí kúlà náà.

"Reuben, ta ló kó oògùn ilé ìwòsàn sáàárín ẹja mi?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló fún ẹ láṣẹ?"

"Kò sẹ́nìkan, sà. Bí mo bá bi yín, ẹ ò ní gbà."

N kò lè sọ pé ènìyàn burúkú ni mánéjà yẹn. Oúnjẹ ló ń tà, ẹ̀rù ohun tí àwọn oníbàárà máa wí ló ń bà á. Ó ní kí Reuben lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì ná. Reuben bọ́ kóòtù, ó ká a sórí àga, ó gbé kúlà kan. Mo ní kó jẹ́ kí n gbé e, ó ní, "Ẹ ṣáà máa lọ níwájú." Bó ṣe ń tiro bọ̀ lẹ́yìn wa nìyẹn títí a fi dé Ajégúnlẹ̀.

Oògùn náà tutù dáadáa. A kán an sí ọmọ lẹ́nu láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, Reuben ló ń bá wa ṣí ìgò. Nígbà tí ìlà gé, ó jókòó tì mí, ó fọwọ́ lé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti rọ.

"Nọ́ọ̀sì, kí ló dé tó fi jẹ́ èmi? A pọ̀ nínú agboolé nígbà náà."

Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi sọ ọ́ fún ìyá mi bẹ́ẹ̀?"

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo tẹ̀ lé e lọ sí Ijora Badia. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni yàrá ìyá rẹ̀ wà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n fún mi lómi. Kí n tó mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀, àwọn fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀.

"Èmi ni mo fà á, ọmọ mi. Ọmọ ọdún méjì ni. Ara rẹ̀ gbóná. Mo gbé e fún aládùúgbò, mo lọ sí ìdánrawò akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo dé, ẹsẹ̀ ò lè dúró mọ́. Àwọn ará ilé ọkọ mi ní orin ni mo fi pa ẹsẹ̀ ọmọ."

Reuben sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò gbọ́ orin lẹ́nu ìyá òun rí.

Ọkọ̀ ojú irin kan pariwo kọjá.

Mo ní, "Mà, lọ́sẹ̀ yẹn, ṣé Reuben nìkan ni ara rẹ̀ gbóná?"

Wọ́n ronú. "Rárá o. Gbogbo ọmọ agboolé ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà."

"Ṣé wọ́n dìde?"

"Ọjọ́ kẹta, wọ́n ti ń ṣeré."

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kòkòrò kan náà ni, Mà. Nínú igba ọmọ tó bá wọ̀ lára, bóyá ni ẹsẹ̀ ju ẹyọ kan lọ á rọ. Àwọn yòókù, bí ọ̀fìnkìn ló máa ṣe wọ́n. Ó ti wà lára Reuben kí ẹ tó jáde lọ. Ká ní ẹ jókòó tì í tọ̀sán-tòru, bó ṣe máa rí náà nìyẹn."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Mà."

Wọn kò sunkún. Wọ́n kàn nawọ́ di ẹsẹ̀ Reuben mú, ẹsẹ̀ tín-ín-rín yẹn, wọn kò sì fi í sílẹ̀ títí mo fi dìde. Reuben gbójú sí ẹnu ọ̀nà. Èmi náà kò mọ ibi tí mo lè wò.

Reuben kò padà sí ilé iṣẹ́ ẹja mọ́. Ó ya ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ajégúnlẹ̀, ó ń tún fíríìjì ṣe, kò sì sí ilé ìtọ́jú kan ní àdúgbò wa tí kì í ránṣẹ́ pè é. Àwọn ìgbà tó wá tún tiwa ṣe wá pọ̀ ju bí fíríìjì náà ṣe ń bàjẹ́ lọ. Nkechi ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, dis fridge no sick. Na di engineer sick." A ṣègbéyàwó ní 1991.

Nígbà tí mo bí Jọmílójú, Màmá, ìyá Reuben, wá bá wa gbé. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń wẹ ọmọ lẹ́yìnkùlé, wọ́n rò pé kò sẹ́ni nítòsí. Reuben ń to irinṣẹ́ rẹ̀ nínú yàrá. Mo kàn rí i tó dúró, skúrú-dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́, kò mira. Màmá ń kọrin ni. Ohùn náà ti há díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gun òkè, ó ṣì mọ ọ̀nà. Ọkọ mi tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀.

Ní 1996, tí àwọn tó ń kán oògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé, Màmá a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a sì máa pe àwọn ìyá tó bá ń sá wọlé. Wọn kì í bá wọn jà. Wọ́n á kàn ní kí wọ́n wá jókòó, kí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ijora. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá yẹn ló gbé ọmọ jáde. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Màmá fi wá sílẹ̀.

Nkechi ti kó lọ sí Aba. Bó bá pè mí lórí fóònù, àwa méjèèjì á máa ka orúkọ àwọn ọmọ orí bẹ́ǹṣì wọ̀nyẹn fún ara wa, ọmọ tani, ọmọ tani. Èyí tí mo bá gbàgbé, òun á rántí.